Wíǹgì páràmótò tó ti pẹ́ ní stóò: kí o tó fi gbéra ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Jámánì ló fi páràmótò tó ti lò ránṣẹ́ sí mi, ẹ́ńjìnnì tí èèyàn ń gbé sẹ́yìn láti fi fò, ìjókòó ẹ̀ àti wíǹgì aṣọ tó ń gbéni sókè, wọ́n ti wà nínú stóò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti bí oṣù mẹ́jọ. Mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò fún ọ̀sẹ̀ méjì ní South Africa lọ́dún tó kọjá. Mo tú wíǹgì náà wò lọ́jọ́ sí, eruku wà lára ẹ̀, ó ń rùn bí ilé tó ń jò, màmá mi wá ní kí n fi omo fọ̀ ọ́ kí n sá a sóòrùn. Mẹkáníìkì ti yẹ ẹ́ńjìnnì wò, ó ní kò sí wàhálà. Ṣé mo lè máa fò báyìí? Báwo ni mo ṣe máa tọ́jú aṣọ yẹn, aago mélòó ló sì dáa jù láti gbéra níbí?

Ìdáhùn: Àbúrò, kọ́kọ́ bá mi bẹ màmá kí wọ́n jọ̀ọ́ gbé omo yẹn sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni, gbogbo aṣọ tó bá ń rùn nílé Yorùbá, omo àti oòrùn ni oògùn ẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ tìẹ yìí, àwọn méjèèjì gan-an ló ń pa á. Tí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán tí ẹ sá a láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó máa mọ́ o, ó máa ta sánsán, kò kàn ní ṣeé gbára lé mọ́ ni.

O ní mẹkáníìkì ti yẹ ẹ́ńjìnnì wò, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì páràmótò ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí jẹnẹ kékeré tí a ń pè ní I-better-pass-my-neighbour, èyí tí a máa ń po ọ́ìlì mọ́ epo ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tó máa kú. Tó bá kú lókè, wíǹgì tó dáa ṣì ń gbé ẹ lọ, fún gbogbo mítà kan tí o bá fi wálẹ̀ wàá ti rìn tó mítà 6 tàbí 7 síwájú, tí o bá wà ní mítà 300 o ṣì ní nǹkan bíi kìlómítà 2 láti fi wá pápá tí wàá balẹ̀ sí. Tí wíǹgì bá wá lọ kú ńkọ́, ẹ́ńjìnnì tó wà lẹ́yìn ẹ á kàn bá ẹ wálẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bèèrè ọ̀rọ̀ aṣọ kí n tó bèèrè ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì.

Náílọ́ọ̀nù ni aṣọ náà, èyí tí wọ́n ń pè ní ripstop, o máa rí ìlà kéékèèké lára ẹ̀ bíi ti ìwé ìṣirò, òwú tó nípọn díẹ̀ ni wọ́n fi hun àwọn ìlà yẹn kó má baà ya lọ ràì tó bá lu. Kò wúwo rárá, mítà kan níbùú lóròó ẹ̀ ò ju nǹkan bíi gíráàmù 30 sí 40 lọ. Ohun tí ojú ò rí ni kùn tí wọ́n fi bò ó, òun ni ò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba inú aṣọ kọjá. Afẹ́fẹ́ tó gba ẹnu wíǹgì wọlé tó há síbẹ̀ ló ń sọ ọ́ di ìyẹ́, ọjọ́ tí kùn yẹn bá ti ṣí, afẹ́fẹ́ á máa jò jáde, wíǹgì á di asẹ́. Omo máa ń ṣí i. Kàn-ìn-kàn-ìn máa ń ha á. Oòrùn ló wá burú jù, torí òun máa ń jẹ òwú náílọ́ọ̀nù fúnra ẹ̀. Ṣebí o ti rí kánópì ìnáwó tí wọ́n pa tì sí gbangba fún ọdún kan, àwọ̀ ẹ̀ á ṣí, tí o bá fi ìka tì í báyìí, ó ti ya. Oòrùn kan náà ni.

Mo ti jẹ̀bi ẹ̀ rí. Wíǹgì àkọ́kọ́ tí mo ní, Ọ̀yọ́ ni mo ń gbé nígbà yẹn, tí mo bá fẹ́ fò nírọ̀lẹ́, láti aago mẹ́ta ni mo ti máa tẹ́ ẹ sórí pápá káwọn èèyàn lè rí i, káwọn ọmọ lè ya fọ́tò nídìí ẹ̀, aṣọ pupa fòò lórí koríko, orí mi á máa wú. Mi ò ní fò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ, ṣùgbọ́n aṣọ ti jẹ oòrùn wákàtí mẹ́ta. Kò pé ọdún méjì tí pupa yẹn fi dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò ọbẹ̀, tí mo bá sì fà á kó dìde kì í wá sókè orí mi mọ́, ẹ̀yìn ló máa ń fà sí bí ọmọ tí ò fẹ́ lọ sílé-ìwé. Ó ti di ibòji adìyẹ mi báyìí. Torí náà tí ìwé tó bá wíǹgì wá bá ní kó o máa ka wákàtí, gbogbo wákàtí tó fi wà nínú oòrùn ni kó o kà, kì í ṣe èyí tó o fi wà lókè nìkan.

Tú tìẹ jáde sínú pálọ̀. Kọ́kọ́ wá lébẹ́ẹ̀lì tí wọ́n rán mọ́ inú ẹ̀, ó sábà máa ń wà ní àárín tàbí ní etí kan. Wàá rí ìwọ̀n kílò tí wíǹgì yẹn lè gbé, ká ní 90 sí 115. Kì í ṣe kílò ara ẹ nìkan o, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìṣe. Tí o bá jẹ́ kílò 75, ẹ́ńjìnnì àti ìjókòó 28, epo lítà 8 jẹ́ bíi 6, wíǹgì fúnra ẹ̀ 6, helmet àti bàtà 3, o ti di 118, o ti ju ti lébẹ́ẹ̀lì yẹn lọ. Ẹ̀gbọ́n ẹ lè tín-ín-rín jù ẹ́ lọ, wíǹgì tó bá a mu lè má bá ẹ mu. Bi í pẹ̀lú bóyá wíǹgì ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ni tàbí ti ọ̀gá, torí wíǹgì ọ̀gá máa ń yá, àmọ́ ó máa ń bínú.

Lẹ́yìn náà gbé aṣọ náà kojú fèrèsé, apá kan lẹ́yìn ìkejì, kó o máa wo ìmọ́lẹ̀ nínú ẹ̀, pàápàá níbi ojú ìrán ní iwájú. Ihò kékeré bí ojú abẹ́rẹ́ máa tàn bí ìràwọ̀. Ibi tó bá ní àmì dúdú tó-tò-tó, ehu nìyẹn, òun ló ń rùn, ó túmọ̀ sí pé wọ́n ká a ní tútù. Fi fóòmù rírọ̀ àti omi lásán nu ibi tó dọ̀tí nìkan, má lo ọṣẹ, má fún un, kó o wá fi kọ́ sínú ilé níbi tí atẹ́gùn ti ń gbà wọlé títí á fi gbẹ dáadáa, ọjọ́ méjì tó bá pọn dandan.

Okùn tó so wíǹgì mọ́ ìjókòó ló kù, òun ni mo sì fẹ́ kó o gbọ́ dáadáa torí ojú lásán ò lè rí i. Mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, fi ìka méjì wọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ibi tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ lójijì tàbí tó wú, inú ẹ̀ ti já nìyẹn bí òde ẹ̀ tiẹ̀ dán. Ìyẹn rọrùn. Èyí tí ò rọrùn ni pé okùn máa ń yí gígùn padà. Àwọn ti iwájú ló ń gbé ẹrù jù, ṣe ni wọ́n máa ń nà, àwọn ti ẹ̀yìn tí ò gbé nǹkan púpọ̀ máa ń sún kì, pàápàá tí wọ́n bá jẹ́ irú okùn tí wọ́n ń pè ní Dyneema tó ti mu omi tàbí gba ooru. Tí ẹ̀yìn bá ti kúrú tí iwájú sì gùn, ṣe ló dà bí ẹni pé o ń fa búréèkì, ìyẹn okùn ọwọ́ tó ń fa ẹ̀yìn wíǹgì wálẹ̀, díẹ̀ nígbà gbogbo láì mọ̀, wíǹgì á máa falẹ̀, ọjọ́ kan á kàn dúró sójú kan lókè á máa jábọ́ gbọnrangandan, kò ní ká, kò ní pariwo. Wọ́n gbé ọ̀kan wá fún mi rí tí okùn ẹ̀yìn ẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 4 kúrú, olówó ẹ̀ sì ń búra pé bó ṣe rà á ló ṣe wà. Torí náà iṣẹ́ yẹn ò sí lọ́wọ́ èmi àti ìwọ nínú pálọ̀, ibi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ ni kó o fi ránṣẹ́ sí, wọ́n á fa okùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ kan wo iye ìṣẹ́jú-àáyá tí afẹ́fẹ́ fi ń gba inú aṣọ kọjá. Aṣọ tuntun máa ń lò ju ọgọ́rùn-ún lọ, èyí tí ò bá lo tó 10 ti kú. Ibi tó o ti kọ́ṣẹ́ ní South Africa á mọ ẹni tó ń ṣe é, wíǹgì nìkan ni wàá fi ránṣẹ́, kò tó ẹrù. Lẹ́yìn ìyẹn, máa fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò ní gbogbo wákàtí 100 tàbí ọdún kan, èyí tó bá yá, àyàfi tí ìwé wíǹgì ẹ bá sọ nǹkan mìíràn.

Má gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀ o. Ọ̀gá tó rán agbádá ìgbéyàwó mi mọṣẹ́ ju ẹ̀mí lọ, mi ò lè gbé wíǹgì fún un, torí gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà ihò tuntun ni. Tó bá ya díẹ̀ tí kò sì súnmọ́ ojú ìrán, téèpù ripstop ni kó o lẹ̀ mọ́ ọn nínú àti lóde, gé etí téèpù náà róbótó kó má baà ká. Okùn tó já, má fi okùn ọjà rọ́pò ẹ̀, kódà fún ọjọ́ kan.

Stóò yẹn náà ò dáa. Ikán wà níbẹ̀, eku wà níbẹ̀, bóyá ẹ tún ń gbé kẹ́ẹ̀gì epo síbẹ̀. Fi sínú báàgì ńlá láì ká a le, gbé e sórí nǹkan nínú yàrá tó gbẹ, má sì fi sínú búùtù mọ́tò, ooru inú ẹ̀ lọ́sàn-án ò dáa fún okùn. Kó o tó ká a lẹ́yìn tó o bá fò, gbọn iyanrìn inú ẹ̀ dànù, kó o sì wá tata. Má rẹ́rìn-ín. Tata tó bá há sínú aṣọ máa ń tu omi kan tó ń jẹ náílọ́ọ̀nù, tó bá pẹ́ níbẹ̀, o lè bá ihò níbi tó kú sí.

Ọ̀rọ̀ aago. Kí ilẹ̀ mọ́ tán títí di bí aago mẹ́jọ ààbọ̀, àti láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ títí oòrùn á fi fẹ́ wọ̀. Láàárín ìyẹn, fi sílẹ̀. Ilẹ̀ wa gbóná, pápá gbẹ, afẹ́fẹ́ gbígbóná á máa ru sókè látorí oko àti òrùlé páànù. O mọ ààjà, àbí? Àwọn àgbà ní ààjà máa ń gbé ọmọ lọ sínú igbó, á kọ́ ọ ní ewé àti egbò kó tó dá a padà. Èyí tó ń yí eruku lágogo méjìlá ọ̀sán yìí, tó bá gbé wíǹgì ẹ, kò ní kọ́ ẹ ní ewé kankan. Ibi tí o bá rí ọ̀kan, mẹ́wàá wà nítòsí tí kò rí eruku kó.

Nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ lè dákẹ́ rọ́rọ́ ní kùtù kí atẹ́gùn sì máa sáré lókè. Mo máa ń wo èéfín àwọn ìyá tó ń yan gàrí: tó bá gòkè tààrà tó wá ṣẹ́ lójijì bí ọ̀pá, atẹ́gùn wà níbi tó ti ṣẹ́ yẹn. Wíǹgì ẹ ò lè sáré ju bíi kìlómítà 40 sí 50 ní wákàtí kan lọ, tí atẹ́gùn òkè bá ju ìyẹn lọ, tó sì dojú kọ ẹ, o ò ní padà sílé, ẹ̀yìn ni wàá máa lọ. Nísàlẹ̀, tó bá ti ju 15 lọ, ìwọ má gbéra.

Ní ìgbà òjò, ìlà oòrùn ni ìjì ti sábà máa ń wá, atẹ́gùn tó ń ṣí páànù yẹn sì máa ń ṣáájú òjò fún ọ̀pọ̀ kìlómítà. Tí ìlà oòrùn bá ti ṣú, bó ti wù kó jìnnà tó, ká aṣọ ẹ. Tí òjò bá ká ẹ mọ́ òkè, má fa búréèkì, jẹ́ kó máa sáré díẹ̀, kó o bọ́ sílẹ̀ ní tààrà, torí wíǹgì tútù tí wọ́n fa búréèkì ẹ̀ lè dúró sójú kan bíi ti olókùn kúkúrú tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Tí apá kan bá ká, fi ara tẹ̀ sí ìhà tó ṣì dáa, fi búréèkì díẹ̀ gbá a mú kó má yí, má fà á dé ìdí.

Má fò lórí Ọ̀bà Dam, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n dè mọ́ ẹ lẹ́yìn ò mọ odò wẹ̀. Wáyà iná ò ṣeé rí láti òkè, òpó ni kó o máa wá, orí òpó gan-an ni kó o gbà kọjá. Má sì fò wálẹ̀ lórí màlúù àwọn Fúlàní, wọ́n á tú ká wọ inú oko ẹ̀gẹ́, ìwọ ni wọ́n á wá ká mọ́lé. Lọ bèèrè ohun tí NCAA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, fẹ́ kó o ṣe kó o tó gbéra rárá, sọ fún àgọ́ ọlọ́pàá àti baálẹ̀ abúlé tó o máa lò, torí lákòókò tí ààbò rí báyìí, ẹni tó ń fò lórí igbó láàárọ̀ kùtù, kì í ṣe egbé ni wọ́n máa kọ́kọ́ rò.

Fọ́tò lébẹ́ẹ̀lì yẹn ni mo ń retí, pẹ̀lú kílò ẹ tó o wọ̀n lórí ìwọ̀n gidi, èyí tó o rò ò wúlò fún mi. Tí ọdún tí wọ́n ṣe wíǹgì náà bá wà níbẹ̀, jẹ́ kó hàn dáadáa, ó ṣeé ṣe kí n ní kó o má tiẹ̀ ná owó ìfiránṣẹ́ lé e.