Ṣé Kí N Ti Ṣọ́ọ̀bù Mi Pa Láti Wá Iṣẹ́ Tí Ọlọ́run Rán Mi?

ÌBÉÈRÈ

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Òmù-Àrán ni mí, mo jẹ́ ẹni ọdún 29. Aṣọ ni mò ń rán ní Tanke, ní Ìlọrin, mo sì ní ọmọ iṣẹ́ méjì tí wọn yóò ṣe fírídọ́ọ̀mù ní ìparí ọdún. Ó ti tó ọdún méjì tí wòlíì kan ti sọ fún mi pé iṣẹ́ ńlá wà lórí mi, láti ìgbà náà ni ọkàn mi kò sì ti balẹ̀ mọ́, nítorí n kò mọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́. Mo ti gbààwẹ̀, mo ti gun òkè àdúrà títí. Bí mo bá rántí pé Wòlíì Ayọ̀ Babalọlá, ọmọ Odò-Ọwá ní agbègbè wa, fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ kí Ọlọ́run tó lò ó, ó máa ń ṣe mí bíi kí n ti ṣọ́ọ̀bù pa, kí n lè ráyè wá ojú Olúwa. Kí ni ẹ rí sí i, mà?

Arábìnrin kan, Ìlọrin

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì, inú mi sì dùn pé ohun tí Ẹlẹ́dàá fẹ́ kí o fi ayé rẹ ṣe ni ó ń jẹ ọ́ lọ́kàn. Má ti ṣọ́ọ̀bù náà pa.

Wòlíì Babalọlá tí o fi ṣe àpẹẹrẹ, ọdún 1904 ni wọ́n bí i. Ó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ kí ó tó di ẹni tí ń wa ẹ̀rọ tí ń tẹ ojú títì fún ìjọba. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1928, ẹ̀rọ náà bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ibi tí ó ti ń tún un ṣe ni ohùn Olúwa sì ti bá a. Lóòótọ́ ni ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìpè ni ó kọ́kọ́ dé. Ìwọ fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ìpè lè wá. Mósè pẹ̀lú, ẹran bàbá ìyàwó rẹ̀ ni ó ń dà nígbà tí ó rí igbó tí ń jó tí kò sì run.

Mo fura pé èrò àtijọ́ kan ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, tí àwa Yorùbá gbé wọ ṣọ́ọ̀ṣì láìmọ̀. Àwọn bàbá wa ní a kúnlẹ̀ a yan ẹ̀dá, a dé ilé ayé tán ojú ń kán wa. Ẹni tí ó bá gbà bẹ́ẹ̀ yóò máa wo ìpín rẹ̀ bí ohun tí ó gbàgbé sí ibìkan, yóò sì máa wá aríran tí yóò bá a rí i. Ṣùgbọ́n nínú Éfésù orí 2, ẹsẹ 10, Pọ́ọ̀lù ní iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run ni wá, tí a dá nínú Kristi Jésù fún iṣẹ́ rere tí Ọlọ́run ti pèsè sílẹ̀ kí á lè máa rìn nínú wọn. Rírìn ni ó pè é, ọmọ mi. Ẹni tí ń rìn kì í rí òpin ọ̀nà láti ẹnu ilẹ̀kùn. Pọ́ọ̀lù tí ó sì kọ ọ́, àgọ́ ni òun náà ń pa fún oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀.

Obìnrin kan wà ní Jópà tí ń jẹ́ Tàbítà, èyí tí í ṣe Dọ́káàsì. Bíbélì kò sọ pé ó wàásù, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé ó rí ìran. Nígbà tí ó kú tí Pétérù dé, àwọn opó dúró tì í, wọ́n ń sunkún, wọ́n sì ń fi ẹ̀wù àti aṣọ tí ó rán nígbà tí ó wà pẹ̀lú wọn hàn án. Aránṣọ bí ìwọ ni. Nígbà tí Ọlọ́run jí i dìde, àárín àwọn opó wọ̀nyẹn náà ni Pétérù fà á lé.

Ẹ̀yìn lẹ́tà rẹ gan-an ni ó mú mi jókòó pẹ́. Inú ìwé tí o ń kọ ìwọ̀n aṣọ sí ni o ti ya á, ìwọ̀n yunifọ́ọ̀mù ọmọdé kan sì ṣì wà níbẹ̀: àyà 26, èjìká 12, gígùn 30. Lábẹ́ rẹ̀ ni o ti fi bírò pupa kọ ọ́ pé: “Ìyá rẹ̀ kò tíì rówó. Má béèrè.” O ti gbàgbé pé o kọ ọ́, àmọ́ mo gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé Olúwa kò gbàgbé.

Máa gbàdúrà rẹ lọ. Ya òwúrọ̀ ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ kí o tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, kí o sì jẹ́ kí pásítọ̀ rẹ àti àwọn tí wọ́n mọ ìwà rẹ gbọ́ ohun tí o gbọ́. Bí Ọlọ́run bá fẹ́ kí o fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ pátápátá, ìjọ pẹ̀lú yóò gbọ́, bí ìjọ Áńtíókù ṣe gbọ́ nípa Bánábà àti Sọ́ọ̀lù, tí àwọn méjèèjì sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láàárín wọn tẹ́lẹ̀.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ ńkọ́? Òbí wọn fà wọ́n lé ọ lọ́wọ́, o kò sì dárúkọ wọn nínú àdúrà tí o ròyìn rẹ̀ fún mi. Jẹ́ kí wọ́n ṣe fírídọ́ọ̀mù wọn ná. Nígbà náà, kọ̀wé sí mi padà, kí o sì sọ fún mi bí ọmọ oníyunifọ́ọ̀mù yẹn ṣe ń ṣe sí.