Ikọ́ láàárín òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn: ṣé ọyẹ́ ni, àbí àrùn tó ń ràn?

Ìbéèrè: Èmi ni olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kan ní Kétu. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti mú, àwọn òṣìṣẹ́ wa kan ń wúkọ́, àwọn mìíràn kò sì wá sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá wa ní ọyẹ́ lásán ni. A kò ní ẹ̀rọ tó lè sọ irú kòkòrò tó wà nídìí rẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bí àrùn kan bá ń ti ara òṣìṣẹ́ kan ran èkejì?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá yín ní òótọ́ díẹ̀ nínú, nítorí eruku ọyẹ́ máa ń mú ọ̀fun gbẹ, ó sì lè fa ikọ́ láìsí kòkòrò kankan. Ṣùgbọ́n eruku kì í ṣa ẹ̀ka iṣẹ́ mú. Bí ikọ́ bá ṣù jọ sí yàrá ìgbẹ̀bí nìkan, tí ibà àti ara ríro sì bá a dé lójijì, ó yẹ kí a wá ìdí mìíràn.

Ìwé kan tí ẹ bá fa ìlà sí ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ òṣìṣẹ́, ẹ̀ka rẹ̀, ohun tó ń ṣe é, ọjọ́ tó ṣiṣẹ́ gbẹ̀yìn, àti ọjọ́ tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀. Ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ yìí ṣe pàtàkì ju ọjọ́ tó wá sọ fún yín lọ, nítorí òun ló ń fi ọ̀nà tí àrùn gbà hàn. Àrùn fílúù sábà máa ń fara hàn ní nǹkan bí ọjọ́ 2 lẹ́yìn tó bá wọ ara, ó sì lè jẹ́ láti ọjọ́ 1 sí 4. Nítorí náà, bí òṣìṣẹ́ mẹ́rin bá dùbúlẹ̀ ní ọjọ́ kan náà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kó o pa pọ̀, bóyá lára aláìsàn kan tàbí níbi ìsọmọlórúkọ kan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń tẹ̀ lé ara wọn ní ọjọ́ méjì méjì tàbí mẹ́ta mẹ́ta, àfàìmọ̀ ni kò fi ní jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń ran ara wọn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé máa ń ka ẹni tó ní ibà tó tó ìwọ̀n 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tó sì ń wúkọ́, tí àìsàn náà kò tíì ju ọjọ́ 10 lọ, sí ẹni tó ní àìsàn tó jọ fílúù. Fún òṣìṣẹ́, èmi a máa la ẹnu ọ̀nà náà sí i: ẹ kọ ẹni tó ń wúkọ́ láìsí ibà náà sílẹ̀, torí ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń gbé parasitámọ́ọ̀lù mì kí a tó kúrò nílé. Bí ẹ bá rí méjì tàbí mẹ́ta láàárín ọjọ́ mẹ́ta nínú ẹ̀ka kan, ẹ má dúró de ẹ̀kẹrin kí ẹ tó fi tó àwọn aláṣẹ ìlera agbègbè létí, kí wọ́n lè gba àpẹẹrẹ láti imú àti ọ̀fun lọ fún àyẹ̀wò.

Àìsàn òṣìṣẹ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí àrùn. Ní Hanoi, lórílẹ̀-èdè Vietnam, ní oṣù kẹta ọdún 2003, bí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn kan ṣe ń dùbúlẹ̀ lẹ́yìn aláìsàn kan ṣoṣo ló jẹ́ kí dókítà Carlo Urbani ti Àjọ Ìlera Àgbáyé ké gbàjarè nípa àrùn èémí líle tí a wá pè ní SARS. Àrùn náà ló pa òun náà ní ọjọ́ 29 oṣù yẹn.

Ìwé yín kò ní pé bí ẹ bá gbàgbé agbálẹ̀, alásè, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì. Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, agbálẹ̀ tó ń wọ gbogbo yàrá ló ti ń wúkọ́ fún ọjọ́ márùn-ún kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè. Kò fẹ́ kí wọ́n yọ owó ọjọ́ rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó bá jẹ́wọ́ àìsàn bá ń pàdánù owó, ìwé yín á máa parọ́ fún yín. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni kí ẹ bá ọ̀gá yín sọ kí ẹ tó béèrè ẹ̀rọ.

Ní ti ẹni tó bá ń ṣàìsàn, kí ó lọ sílé, kí ó má sì padà títí ibà yóò fi lọ fún wákàtí 24 láìlo oògùn ibà; kí ó ṣì máa lo ìbòmú fún ọjọ́ díẹ̀. Bí ikọ́ ẹnì kan bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀ nínú ìwé náà, kí ẹ sì ní kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ.