Ṣé ọmọ mi obìnrin tó wà ní JSS 2 n'Íbàdàn lè ṣe eré ìdárayá tó bá ń ṣe nǹkan oṣù?

Bẹ́ẹ̀ ni, mà, ó lè ṣe é. Nǹkan oṣù kì í ṣe àìsàn, eré ìdárayá ò sì lè ba ilé ọmọ jẹ́, ohun yòówù káwọn ará àdúgbò máa sọ. Kódà, ó máa ń dín inú rírun kù fún ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa lo ara fún ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́, ó kéré tán.

Ìbẹ̀rù kí ẹ̀jẹ̀ má lọ yí aṣọ wọn ló sábà máa ń lé wọn kúrò ní pápá. Ẹ fi páàdì tó tó sínú báàgì rẹ̀, kó wọ ṣòkòtò péńpé dúdú sábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì, kó sì máa mu omi dáadáa. Tí ìrora bá pọ̀ débi pé kò lè lọ síléèwé, ẹ mú un lọ rí dókítà.