Awò VR Ń Fún Mi Lẹ́rẹ̀kẹ́: Ọ̀já Wo Ni Kí N Rà?

Lẹ́tà márùn-ún la mú lóṣù yìí, gbogbo wọn sì dá lórí awò VR, ẹ̀rọ tí wọ́n ń dè mọ́ ojú láti fi gbá géèmù. Ọ̀já la pe okùn tó ń dè é mọ́ orí, torí iṣẹ́ kan náà ni òun àti ọ̀já tí a fi ń pọn ọmọ ń ṣe. Ẹrù ni wọ́n jọ ń gbé.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra awò VR àlòkù kan tí wọ́n ń pè ní Quest 2, ọ̀já aṣọ tó bá a wá ló ṣì wà lára rẹ̀. Tí mo bá ti lò ó tó ogún ìṣẹ́jú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á máa ro mí, ojú mi á sì ní ilà bíi ti ẹni tó sùn lórí ẹní. Tí mo bá fún ọ̀já náà, orí á máa fọ́ mi; tí mo bá dẹ̀ ẹ́, àwòrán á di bàìbàì. Wọ́n ní kí n ra ọ̀já líle tó ní ohun yíyí lẹ́yìn, èyí tí wọ́n ń yí láti fún ọ̀já tàbí láti dẹ̀ ẹ́. Ṣé kí n rà á? (Akẹ́kọ̀ọ́, South Gate FUTA, Àkúrẹ́)

Ìdáhùn: Ẹ má tíì náwó. Ó ṣeé ṣe kí èyí tó wà lọ́wọ́ yín ṣì wúlò, àmọ́ ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà dè é kò dára.

Gíráàmù 503 ni Quest 2. Píọ̀ wọ́tà 50cl kan péré nìyẹn, kò sì tó nǹkan lọ́wọ́ ẹni. Ibi tí ìwúwo náà jókòó sí ló fa wàhálà: gbogbo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níwájú ojú, kò sí nǹkan kan ní ìpàkọ́ tó máa fà á padà. Ẹ di ọmọ odó mú láàárín, ẹ ó rí i pé ó fúyẹ́. Ẹ wá dì í mú ní ìdí kan ṣoṣo, kó nà gbalaja síwájú. Kò ní pẹ́ tí ọrùn ọwọ́ á fi máa ro yín. Ohun tí ẹ̀ ń fi ọrùn yín ṣe nìyẹn. Bí ẹ bá wá ń fún ọ̀já ẹ̀gbẹ́, ẹ kò gbé ẹrù náà, ojú lẹ kàn ń tẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti imú ló sì ń jìyà rẹ̀. Àwọn alábàárù Ọjà Ọba mọ èyí dáadáa: òṣùká kì í fún orí, ṣe ló ń tẹ́ ẹ.

Ẹ tú gbogbo ọ̀já náà sílẹ̀ pátá, ti òkè àti ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ kọ́kọ́ fi apá ẹ̀yìn rẹ̀ há ìpàkọ́, kó wọ abẹ́ egungun tó yọ síta níbẹ̀, kó súnmọ́ ọrùn. Ibí yìí ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù: ẹni tó bá gbé e sókè egungun yẹn, yíyọ̀ ni yóò máa yọ̀, yóò sì máa fún un láìdábọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fa aṣọ tó gba àtàrí kọjá, èyí tó ń lẹ̀ mọ́ra bíi ti sálúbàtà ọmọdé, títí awò náà á fi gbé kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́ díẹ̀. Ọ̀já òkè ló yẹ kó gbé ẹrù. Ti ẹ̀gbẹ́ ló kẹ́yìn, ìwọ̀nba tí awò kò ní fi yọ̀ bí ẹ bá tẹrí ba wo bàtà yín lẹ sì máa fà á mọ. Ó yẹ kí ìka méjì lè wọ abẹ́ rẹ̀ lẹ́bàá ẹ̀bátí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ bọ́ ọ kí ẹ wo díńgí. Bí ilà iwájú orí àti ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá dọ́gba, ẹ ti dè é dáadáa. Bí ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá jìn jù, ẹ tún fa ọ̀já òkè.

Ní ti bàìbàì, kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi ọ̀já. Lẹ́ńsì Quest 2 ní ipò mẹ́ta tí ẹ lè fi ọwọ́ tì í sí: 58, 63 àti 68 mílímítà. Ẹ gbé rúlà sókè ojú níwájú díńgí. Ẹ di ojú ọ̀tún, kí ẹ fi òdo rúlà sí ọ̀gangan ọmọlójú òsì. Ẹ má mi orí, ẹ di ti òsì, kí ẹ ka ibi tí ọmọlójú ọ̀tún bọ́ sí. Bí kò bá ju 61 lọ, ipò kìíní ni tiyín. Láti 61 sí 66, ipò kejì. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìkẹta. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé awò sókè sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójú títí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ á fi mọ́ kedere. Ọ̀pọ̀ ló ń fún ọ̀já nítorí bàìbàì tó jẹ́ pé lẹ́ńsì ló wà níbi tí kò yẹ.

Bí ọrùn bá ṣì ń ro yín lẹ́yìn gbogbo èyí, ó kan ọ̀já mìíràn. Ọ̀já líle tó ní ohun yíyí máa ń há ìpàkọ́ dáadáa, ó sì yá láti wọ̀ àti láti bọ́, ṣùgbọ́n ẹ kò ní lè fi orí lélẹ̀ sórí ìrọ̀rí tàbí àga nígbà tí ẹ bá ń wo fíìmù. Irú kejì jókòó sí iwájú orí bí adé, awò sì rọ̀ sílẹ̀ níwájú ojú láìtẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rárá. Fún ẹni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń dùn bíi tiyín, ọ̀já adé yìí la máa yàn. Àbùkù rẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ máa ń wọlé nísàlẹ̀ imú, bí ẹ bá sì ń fò sókè sódò nínú géèmù, awò á máa mì.

Ìbéèrè: Onídìrí ni mí nílùú Oǹdó. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, gba awò VR lọ́wọ́ àbúrò mi, ṣùgbọ́n ọ̀já rẹ̀ kì í jókòó sórí irun rẹ̀. Ṣé ó ní èyí tó wà fún onírun dídì? (Ìyá ọmọ, Yaba, Oǹdó)

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́ o, ìyá wa. Kò sí ọ̀já tó bá gbogbo irun mu. Irú irun tó wà lórí ló máa sọ. Ṣùkú kó gbogbo rẹ̀ jọ sí àtàrí, ibi tí ọ̀já òkè ń gbà kọjá gan-an. Bí ẹ bá fà á lórí ṣùkú, yóò máa yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò sì máa fa irun tu. Ọ̀já adé tí kò ní ọ̀já òkè ló dára fún un. Ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ yàtọ̀ pátápátá: iwájú ni irun ń parí sí, abẹ́ tìmùtìmù ọ̀já adé, ibẹ̀ á sì máa dùn ún. Ọ̀já aṣọ tàbí ọ̀já líle ni kó lò. Kòlẹ́sẹ̀ kò ní wàhálà púpọ̀. Pẹlẹbẹ ló ń parí sí ìpàkọ́. Bó bá jẹ́ àtaṣímẹ́ǹtì tó gùn lẹ dì fún un, ẹ wá ọ̀já líle tí àárín ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bíi fèrèsé, kí irun gba ibẹ̀ jáde. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń dirun á tètè dá a mọ̀ bí ẹ bá rí i.

Ilé iṣẹ́ Meta tó ń ṣe Quest kò fẹ́ kí ọmọ tí kò tó ọdún mẹ́wàá lò ó, ọmọ ọdún mẹ́wàá sí méjìlá sì gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ àkáǹtì òbí. Tiyín ti kúrò ní kékeré yẹn, àmọ́ ọrùn ọmọdé ṣì ni. Bí ọ̀já bá tóbi ju orí rẹ̀ lọ, ẹ ṣẹ́ aṣọ rírọ̀ po sí ìpàkọ́ dípò kí ẹ máa fún un.

Ìbéèrè: Mo gbọ́ pé tí èèyàn bá so páwà báǹkì mọ́ ẹ̀yìn ọ̀já, awò á fúyẹ́. Báwo ló ṣe wúwo tó? Ṣé télọ̀ lè rán àpò rẹ̀? (Alágbàká, Àkúrẹ́)

Ìdáhùn: Ó ń ranni lọ́wọ́ lóòótọ́, àmọ́ ó lè dẹrù pa ọrùn bí ẹ kò bá ṣọ́ra. Awò kò fúyẹ́. Ẹ tún kún un ni. Ohun tó yí padà ni pé ẹ̀yìn ń fa iwájú. Láti 150 sí 200 gíráàmù tó. Kò pọn dandan kí ẹ̀yìn wúwo tó iwájú, bó bá sì kọjá 300, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára bí ẹ bá yí orí kíákíá. Ọ̀pọ̀ páwà báǹkì 10,000 mAh máa ń tó nǹkan bíi 200 gíráàmù. Kí ẹ tó rán ohunkóhun, ẹ dán an wò: ẹ bu yanrìn gbígbẹ sínú ọ̀rá méjì, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ dè é mọ́ ẹ̀yìn ọ̀já, kí ẹ gbá géèmù fún ìdajì wákàtí. Ẹ má fi omi dán an wò o.

Ọ̀já aṣọ tó bá Quest 2 wá ń nà, kò sì lè gbé e. Ẹrù náà á fà á wálẹ̀ sí ọrùn. Ọ̀já líle ni kí ẹ so ó mọ́. Télọ̀ lè fi okùn báàgì ilé ìwé tí kò ń nà, fífẹ̀ rẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5, rán àpò tí ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ kí ooru lè jáde. Kó má fi fóòmù wé e. Apá òsì ni ihò iná Quest 2 wà, nítorí náà òsì ni kí wáyà gbà, kí orí rẹ̀ sì tẹ̀ ní igun kó má baà tú bí ẹ bá yí orí. Ẹ yan páwà báǹkì tó ń gbé ó kéré tán fólítì 5, ámípíà 2 (5V/2A) jáde. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, bátìrì awò á ṣì máa lọ sílẹ̀ bó tilẹ̀ wà lójú iná.

Páwà báǹkì tó ti wú, tó ti já bọ́ lulẹ̀ tí ara rẹ̀ là, tàbí tó ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ kò gbọ́dọ̀ dé ìpàkọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ ò ní fẹ́ kí iná sọ níbẹ̀.

Ìbéèrè: Ọ̀já Quest 3 tó dáa ni mo rí rà ní pọ́ọ́kú. Ṣé ó máa wọ Quest 2? (Òbà Ilé)

Ìdáhùn: Rárá. Apá tí wọ́n ń kì ọ̀já bọ̀ lára awò méjèèjì yàtọ̀. Ti Quest 3 máa ń wọ Quest 3S, kì í wọ Quest 2. Ohun mìíràn tí ẹ ní láti wò lára ọ̀já líle àlòkù ni oríkèé tó ti pàdé apá awò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí ẹ wo bóyá ilà funfun wà níbẹ̀: rọ́bà líle tó ti ń là máa ń kọ́kọ́ funfun. Bó bá ń dún kẹ́kẹ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Ohun tó sì ń là á ni kí èèyàn máa ya apá méjèèjì síta bíi pépà tí a fẹ́ fà ya. Ẹ fi ìpàkọ́ wọ ọ̀já ṣáájú, kí ẹ tó fa awò wá sójú.

Ìbéèrè: Mo ní ṣọ́ọ̀bù géèmù ní òpópónà Ọba Adésídà. Òógùn àwọn oníbàárà ti mú fóòmù awò náà rùn, ojú sì ń yún àwọn kan. Ṣé kí n fi sípírítì nù ún, kí n sá a sóòrùn? (Àkúrẹ́)

Ìdáhùn: Méjèèjì kọ́. Lẹ́ńsì awò ń kó ìtànṣán oòrùn jọ sójú kan bíi gíláàsì tí àwọn ọmọdé fi ń dáná sun pépà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tó láti jó sikirín inú rẹ̀, àmì náà kì í sì í lọ mọ́. Kódà ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Sípírítì pẹ̀lú máa ń ba ojú lẹ́ńsì jẹ́. Aṣọ rírọ̀ gbígbẹ, irú èyí tí wọ́n fi ń nu gíláàsì ojú, ló wà fún lẹ́ńsì.

Ọ̀rọ̀ ojú yíyún kì í ṣe tuntun. Ní July 2021, wọ́n kéde ní Amẹ́ríkà pé fóòmù Quest 2 ń bá awọ ara àwọn kan jà, wọ́n sì fún àwọn tó ní i ní ìbòrí sílíkọ́ọ̀nù. Irú rẹ̀ ni kí ẹ rà, kì í fa òógùn mu, ẹ sì lè bọ́ ọ kúrò fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀ àti omi, kí ẹ nù ún gbẹ kí ẹ tó dá a padà. Fún ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní mẹ́ta fún awò kan: ọ̀kan lójú, ọ̀kan tó ń gbẹ ní ibòji, ọ̀kan nípamọ́. Ọ̀já aṣọ ló ń mu òógùn jù lọ, a ò sì gbà yín níyànjú láti lò ó níbi tí ogún ènìyàn ti ń lo awò kan lójúmọ́. Ọ̀já líle tí tìmùtìmù rẹ̀ jẹ́ awọ ẹ̀tàn ṣeé nù láàárín oníbàárà méjì, ohun yíyí rẹ̀ sì ń jẹ́ kí ẹ tètè wọ̀n ọ́n mọ́ orí ẹni tó kàn. Bí wọ́n bá bọ́ ọ fún yín, ẹ yí i padà kó dẹ̀ pátá kí ẹ tó gbé e fún ẹlòmíràn, torí ẹni tí orí rẹ̀ tóbi á fipá kì í bọ orí, oríkèé rẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ kán.