Ìbéèrè Yín: Ṣé Igi Ọsàn Kúkúrú Yẹ fún Ilẹ̀ Èkó?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú. Òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì ni mí, mo sì ní ìdajì púlọ́ọ̀tì kan tí ó ṣófo lẹ́yìn ilé mi ní Agége. Ẹnìkan tí ń ta igi ọsàn sọ fún mi pé òun ní èyí tí wọ́n lọ́ sórí ìdí tí kì í jẹ́ kí igi ga, pé mo lè gbìn wọ́n súnmọ́ ara wọn kí wọ́n sì so dáadáa. Omi máa ń dúró lórí ilẹ̀ náà nígbà òjò. Ṣé kí n ra á?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ ẹni náà, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wá nǹkan ṣe sí omi tí ń dúró yẹn kí ẹ tó náwó lórí igi.

Igi méjì tí ó di ọ̀kan ni ọsàn tí a lọ́. Èyí òkè ni ó ń so èso tí a ń mu. Èyí ìdí ni ó ń ta gbòǹgbò, òun náà ni ó sì ń pinnu bí igi yóò ti ga tó àti irú àrùn inú ilẹ̀ tí yóò lè fara dà. Rough lemon, igi ìdí tí ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, a máa tètè dàgbà, ó sì ń fara da ọ̀dá, àmọ́ igi orí rẹ̀ máa ń fẹ̀, ìdí nìyí tí a fi ń fi nǹkan bí mítà 7 sáàárín igi kan àti èkejì. Flying Dragon ni a mọ̀ jù fún mímú igi kúrú. Ẹ̀yà ọsàn ewé mẹ́ta láti ìlà oòrùn Éṣíà ni, igi tí a bá sì lọ́ sórí rẹ̀ kì í sábà ga ju mítà 2.5 lọ. Àwọn àgbẹ̀ ní Brazil ń lọ́ ọsàn wẹ́wẹ́ Tahiti sórí rẹ̀. Bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ mítà 18 níbùú àti lóòró, tí ẹ fi mítà 2.5 sáàárín igi àti 3.5 sáàárín ìlà, igi 35 yóò gbà níbi tí 9 péré ìbá ti gbà. Èso rẹ̀ kì í kéré ní ìtóbi, adùn rẹ̀ sì dára. Iye tí igi kọ̀ọ̀kan ń so ni ó kéré, pípọ̀ tí igi pọ̀ ni èrè wà.

Flying Dragon fara da Phytophthora, àrùn tí ń mú gbòǹgbò ọsàn jẹrà ní ilẹ̀ tútù, ju rough lemon lọ. Síbẹ̀, kò sí gbòǹgbò ọsàn tí omi lè bò mọ́lẹ̀ pẹ́ títí tí yóò yè. Ẹ la ojú àgbàrá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ gan-an, kí ẹ kọ ebè gígùn tí ó ga, orí rẹ̀ ni kí ẹ gbin igi sí. Ojú ibi tí wọ́n ti lọ́ ọ gbọ́dọ̀ wà lókè ilẹ̀ nígbà gbogbo. Ó máa ń dùn mí púpọ̀ bí mo bá rí ọsàn tí wọ́n kó erùpẹ̀ bò dé ibẹ̀, nítorí pé igi òkè yóò ta gbòǹgbò tirẹ̀, kíkúrú tí ẹ san owó lé lórí yóò parí, àrùn ilẹ̀ yóò sì rí ọ̀nà wọ inú èèpo, tí oje yóò fi máa ṣẹ̀ jáde lára igi.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ẹ̀ka tí ó bá hù nísàlẹ̀ ojú ìlọ́: ewé mẹ́ta lórí igi ewé kan, àti ẹ̀gún tí ó tẹ̀ kọdọrọ, ni àmì Flying Dragon. Lẹ́yìn náà, ẹ máa gé irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ kúrò. Ẹ bi ẹni tí ń tà á léèrè pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti mú ojú igi òkè, ìyẹn èyí tí wọ́n gé láti lọ́ sórí ìdí, nítorí pé àrùn exocortis, tí ń ba ọsàn ewé mẹ́ta jẹ́, ń bá ojú igi àti ọ̀bẹ tí a kò fi bílíìṣì fọ̀ rìn. Gbòǹgbò Flying Dragon kò jinlẹ̀, nítorí náà ẹ ó máa bomi rin ín láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta. Kì í yára dàgbà. Ẹ ṣe sùúrù fún un.

ÌBÉÈRÈ: Mo fẹ́ gbin irú ọsàn kúkúrú yìí sínú ìkòkò ńlá ní Ọbaléndé, ṣùgbọ́n omi kànga wa máa ń ní iyọ̀ díẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ìkòkò bá a mu, omi yẹn ni kò bá a mu. Flying Dragon kò fẹ́ iyọ̀; etí ewé ni yóò kọ́kọ́ jó, ewé yóò sì máa já. Tánjarín Cleopatra, igi ìdí mìíràn, fara da iyọ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n kì í mú igi kúrú. Ẹ gba omi òjò pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù tí ó ní ìdérí, òun ni kí ẹ máa fi bomi rin ín.