Èsì: Kọ̀ǹpútà tó ń ní kí ẹ tẹ F1 kó tó tan

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní fáànù kọ̀ǹpútà àtijọ́ yín ń yí, ṣùgbọ́n ó máa ń dúró sójú ewé dúdú tó ní kí ẹ tẹ F1, déètì rẹ̀ á sì ti padà sí ọdún 2009. Déètì yẹn ló jẹ́ kí n fura sí bátìrì CR2032, roboto bí ẹyọ owó, tó wà lórí mọ́dábọ́ọ̀dù (pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà tí àwọn ẹ̀yà rẹ̀ so mọ́), tí kì í jẹ́ kí aago dúró nígbà tí a bá yọ iná. Fóòltì 3 ni tuntun rẹ̀ máa ń ní.

Ẹ yọ wáyà iná, ẹ tẹ bọ́tìnnì tí ẹ fi ń tàn án mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí iná tó ṣẹ́kù lè tán, kí ẹ wá rọra ti irin tó di bátìrì náà mú sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò sì ta sókè.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi tuntun sí i, ẹ wọ inú BIOS (ojú ewé ètò kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó tan), ẹ tún déètì ṣe, kí ẹ sì fara balẹ̀ wo ìlà SATA, ìyẹn ibi tí a ti ń yan ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà bá háádì dírafù ṣiṣẹ́, nítorí bí ó bá ti yí láti ọ̀nà AHCI sí ọ̀nà IDE, Windows lè kọ̀ láti tan, ẹ ó sì rò pé háádì dírafù ló bàjẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́máàtì háádì dírafù náà (kó nu ohun inú rẹ̀ kúrò) kí ẹ tó wo ìlà SATA yẹn, kí ẹ sì dá a padà sí AHCI bí ó bá ti yí.