Ìyá orí kẹ̀kẹ́ kò gbé fóònù mi mọ́

Àbúrò mi l'Óṣogbo,

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní láti ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ ti jóná ni àdúrà ti sú ọ, àfi ìgbà tí o rí ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì yín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò ṣiṣẹ́, síbẹ̀ òun ló ń dá orin ọpẹ́ ní gbogbo ìṣọ́ òru láti orí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọkàn rẹ sọjí. O wá sọ fún un pé, "Mà, tí mo bá ti wò yín báyìí, mo máa ń dúpẹ́ pé tèmi ò burú tó bẹ́ẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò sì gbé fóònù rẹ mọ́ látìgbà náà. O bi mí bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn rí ìgbàgbọ́ lára ẹni tí ara ń ni.

Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún, ó sì yẹ kó dùn ún. Ìyá yẹn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìwọ ń dúpẹ́ pé o kì í ṣe òun. Lọ́jọ́ tí o bá pàdé ẹni tí tiẹ̀ dára ju tìẹ lọ ńkọ́?

Jẹ́ kí n sọ tèmi fún ọ. Nígbà tí oyún oṣù méje bà jẹ́ lára mi, mi ò fẹ́ gbọ́ "Ọlọ́run tóbi" sétí. Télọ̀ kan wà ládùúgbò wa, rọpárọsẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì láti kékeré. Á ki ọwọ́ bọ sílípáàsì, á rákò láti yàrá dé ìdí máṣíìnì. Máṣíìnì ọlọ́wọ́ ni, torí kò lè tẹ ti ẹlẹ́sẹ̀. Mo lọ gba aṣọ tí mo ti gbé fún un tẹ́lẹ̀. Aṣọ ìkómọ ni. Kò wàásù fún mi. Ó ká aṣọ náà, ó fi ìwé ìròyìn wé e kí n má baà rí i, ó ní òun á bá mi tọ́jú ẹ̀ títí dìgbà tí mo bá bèèrè. Ó wá ní kí n jókòó bá òun ṣa bọ́tìnnì, funfun lọ́tọ̀, dúdú lọ́tọ̀. Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi pé òun bá Ọlọ́run jà láàárọ̀ yẹn, torí òjò ti rọ̀, ẹrẹ̀ sì gba gbogbo ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́. "Mo bá a jà, mo tún bá a sọ̀rọ̀. Ta ni mo tún ní?" À ń sunkún, à ń ríran. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dúró lọ́dún náà, kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀.

Wọ́n á ti dárúkọ Yínká Ayéfẹ́lẹ́ fún ọ. December 1997 ni jàǹbá ọkọ̀ ba ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́, orí kẹ̀kẹ́ ló sì wà látìgbà náà. Ní 1998 ó gbé rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé kì í ṣe àánú ló ń mú kí wọ́n pè é sóde àríyá. Orin rẹ̀ ló dùn, tí agbádá fi ń gbọ̀n lójú agbo. Ó dá ilé iṣẹ́ rédíò sílẹ̀ n'Íbàdàn, èèyàn sì ń jẹun níbẹ̀. Ìwọ ńkọ́, kí lo mọ̀ nípa ìyá ṣọ́ọ̀ṣì yín yàtọ̀ sí ara rẹ̀? Nínú lẹ́tà ojú ewé mẹ́ta, o ò sọ iṣẹ́ rẹ̀, o ò sọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín.

Àwọn baba wa pe abuké, àfín àti arọ ní ẹni Òrìṣà, torí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ọwọ́ Ọbàtálá tó mọ wọ́n. Nínú Bíbélì náà, Ọba Dáfídì ò wo ẹsẹ̀ Mefiboṣeti tó yarọ kó máa dúpẹ́ lórí tiẹ̀. Àyè ló fún un nídìí tábìlì, wọ́n jọ ń jẹun.

Torí náà, lọ bẹ̀ ẹ́. Má gbé owó dání, má gbé ìrẹsì dání. Sọ pé, "Mà, ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn kù díẹ̀ káàtó, ẹ forí jì mí." Tó bá bínú, jẹ́ kó bínú. Má di kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú láìbèèrè, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. O kọ pé ọkùnrin mẹ́rin ló ń gbé e gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, tí ìjọ sì máa ń pàtẹ́wọ́. Inú bí mi nígbà tí mo ka ìyẹn. Òfin tí Ààrẹ Buhari bọwọ́ lù ní January 2019 fún àwọn ilé tí gbogbo ayé ń lò ní ọdún 5 láti ṣe ọ̀nà tí àkàndá ẹ̀dá lè gbà wọlé. Ọdún 5 ọ̀hún ti pé láti 2024. Bi í bóyá ó fẹ́ kí ẹ jọ lọ bá àwọn alàgbà sọ ọ́, kí wọ́n da sìmẹ́ǹtì sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn yẹn, kí òun fúnra rẹ̀ lè máa yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé. Tó bá ní òun ò fẹ́, ó tán.

Bí o bá sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wá àga jókòó kí o tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kí ó má baà máa gbé orí sókè wò ọ́.